Ẹ gbà mí lọ́wọ́ negative reinforcement

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún kìíní ni mo wà, ìdánwò sàíkọ́lọ́jì wa ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti há iṣẹ́ Pavlov, Skinner àti Bandura, àwọn tó ṣèwádìí lórí bí ẹ̀dá ṣe ń kọ́ ìwà, sórí, àmọ́ bí wọ́n bá ti lọ́ ìbéèrè díẹ̀, ojú mi á dà rú. Negative reinforcement, ṣé kì í ṣe ìjìyà náà ni? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ bóyá experiment ni ìwádìí kan tàbí correlation? Ẹ jọ̀ọ́.

Màmá Tómiwá: Kì í ṣe ìjìyà rárá, àbúrò. Òru ni àkọ́bí mi máa ń ké. Mo pọ̀n ọ́n, ó dákẹ́. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, kó tó lanu tán, ọ̀já ti wà lọ́wọ́ mi. Igbe tó ń ni mí lára kúrò, ìyẹn ni negative. Mo wá ń pọ̀n ọ́n sí i, ìyẹn ni reinforcement. Ìjìyà ní tiẹ̀, ńṣe ló ń mú ìwà dín kù. Ọmọ náà kúkú ń gba positive tiẹ̀: bó bá ti ké, ó dẹ̀yìn ìyá ẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Háà! Ẹ̀yin méjèèjì ń kọ́ ara yín!

Màmá Tómiwá: Òun ló tètè gboyè.

Bọ̀dá Láńre: Ní ti ìkejì, wò ó bóyá olùwádìí fọwọ́ ara rẹ̀ yí nǹkan padà. Lọ́dún 1961, Bandura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọmọ 72 ní Stanford. Àwọn 24 wo àgbàlagbà tó ń lu bèbí onírọ́bà, 24 wo èyí tó ń ṣeré jẹ́ẹ́jẹ́, 24 tó kù ò wo ẹnì kankan. Ìṣe àgbàlagbà ni wọ́n ń yí, independent variable nìyẹn. Ìwà jàgídíjàgan tí àwọn ọmọ wá hù ni wọ́n kà, dependent variable. Experiment nìyẹn. Àmọ́ bí o bá kàn rí i pé máàkì àwọn tó ń lọ lẹ́sìnnì pọ̀ ju tàwọn yòókù lọ, correlation lásán ni: nǹkan méjì kàn jọ ń rìn pọ̀, a ò mọ̀ bóyá ọ̀kan ló fa èkejì. Ó lè jẹ́ owó òbí ló ń ṣiṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ ọmọ tó fẹ́ràn ìwé ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òun sí lẹ́sìnnì.

Adéọlá: Má jẹ́ kí wọ́n fi Pavlov mú ẹ o. Iṣẹ́ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ló gba Nobel fún ní 1904, kì í ṣe sàíkọ́lọ́jì.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Orí fọ́ mi lánàá, mo lo oògùn, ó lọ. Lónìí, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí ni mo ti na ọwọ́ sí oògùn. Negative reinforcement, àbí?

Màmá Tómiwá: Òun gan-an. Ó yá, gbé ìwé sílẹ̀, lọ sùn.