Iná àfikún méjì lórí alùpùpù: ṣé fíùsì ńlá ni ojútùú?

Ọ̀nàJíjìn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà rewáyà. Mo so iná LED méjì, 20 watt ọ̀kọ̀ọ̀kan, mọ́ wáyà iná fúlù (iná iwájú tó ń tàn jìnnà) tààrà. Tí mo bá tàn wọ́n, iná iwájú á ṣú díẹ̀. Tí mo bá yí ọwọ́ ìdarí sí òsì, àfikún á máa ṣẹ́jú. Fíùsì ti jó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé kí n fi èyí tó tóbi sí i?

RewáyàÀgbà: Má dán an wò! Tí fíùsì bá lágbára ju wáyà lọ, wáyà ni yóò jó. 40 watt lórí 12 volt, ó lé ní ampere 3, wáyà fúlù sì ti ní ẹrù tirẹ̀ lórí. Ra rílé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin (súìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá), wo nọ́ńbà ìdí rẹ̀:

30: láti pósítífù bátìrì. Fi fíùsì ampere 7.5 sí i, kó má jìnnà sí bátìrì ju 15 cm lọ. Wáyà tó wà ṣáájú fíùsì kò ní olùṣọ́ tó bá bó kan irin.
87: sí iná méjèèjì, wáyà 1.5 mm².
86: láti wáyà fúlù, kó gba inú súìṣì kékeré kọjá.
85: áàtì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí négétífù bátìrì).

Iná tí 86 ń jẹ kéré gan-an, súìṣì kò ní gbóná. Tí o bá sì dímù (tí o rẹ iná iwájú sílẹ̀) fún ẹni tó ń bọ̀, àfikún náà á kú.

Onítẹ́sítà: Òótọ́ ni, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ti ṣíṣẹ́jú yẹn, ọrùn alùpùpù ni kó wò. Wáyà tó le jù níbẹ̀ máa ń já nínú, rọ́bà ìta á ṣì dáa. Yí ọwọ́ ìdarí dé òpin lápá méjèèjì kí o tó fi okùn dè é. Kí wáyà náà ṣì dẹ̀ díẹ̀. Má sì fi áàtì sórí irin tí wọ́n kùn lọ́dà. Mú un padà sí négétífù bátìrì.

Ọ̀nàJíjìn: Ẹ ṣé gan-an. Tí iná iwájú bá ń gba AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀) láti mágínẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń pèsè iná lára ẹ́ńjìnnì, ńkọ́?

RewáyàÀgbà: Rílé á máa gbọ̀n tàtàtà nìyẹn. Gba 86 lára wáyà fèrè, èyí tó ń ní 12 volt DC (iná tó ń lọ sápá kan, bíi ti bátìrì) tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títàn. Ọwọ́ ni wàá máa fi pa àfikún. Lẹ́yìn náà, tan gbogbo iná, fún ẹ́ńjìnnì ní gáàsì bí ìgbà tó ń rìn, kí o wọn bátìrì. 13.8 sí 14.4 volt ló dáa. Tó bá wà lábẹ́ 13, iná tí wọ́n ń jẹ ti ju èyí tí alùpùpù ń pèsè lọ. Pààrọ̀ wọn sí 10 watt.