Ibo la lè rìn létí omi ní Àgbádárìgì pẹ̀lú ọmọ kékeré àti ìyá àgbà?

Ìyá Dàmọ́lá
Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Ìbẹ̀rẹ̀kò láti Mushin ni, àmọ́ títí di báyìí, ojú títì nìkan la mọ̀. Dókítà ní kí ìyá ọkọ mi máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní máa yí ilé po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́gi. Etí omi ni wọ́n fẹ́, níbi tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́. Èmi náà sì fẹ́ kó àwọn ọmọ kúrò nídìí fóònù. Dàmọ́lá ti pé ọdún mẹ́sàn-án, kò níṣòro. Àbúrò rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin ni wàhálà: kò ní tíì rìn jìnnà tí á fi di "Mọ́mì, ẹ pọ̀n mí."

Aládùúgbò wa kan ní ká wọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà sí Gberefu, ká rìn dé ibi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú wọkọ̀ lọ láyé àtijọ́. Orúnkún màmá ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ṣé wọ́n á lè rìn ín? Àbí ibòmíì wà tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ? Sátidé la fẹ́ lọ. Ọkọ mi ní òun á tẹ̀ lé wa tí kò bá sí bọ́ọ̀lù, ìyẹn ni pé kò ní tẹ̀ lé wa.

Bọ̀dá Àjàrá
Ìyá Dàmọ́lá, ẹ káàbọ̀ sílùú wa. Ẹ má tíì gbé màmá lọ sí Gberefu o. Màrínà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni, ọ̀sà wà lápá kan, àwọn ilé àtijọ́ wà lápá kejì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nárì CMS parí kíkọ́ rẹ̀ ní 1845, ibẹ̀ ló wà, ó kọjú sómi gan-an. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ jókòó, kí màmá wo àwọn tó ń fi ọkọ̀ sọdá, ẹ tún dìde. Bó bá sú yín, ilé ò jìnnà. Ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn ibẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: kò sí ibi tí ẹ rìn dé tí ẹ ò ti lè yí padà.

Ẹ jáde ní kùtùkùtù, tàbí kẹ́ ẹ dúró di ìgbà tí òòrùn bá rọlẹ̀. Ọ̀kadà àti márúwá máa ń gba ọ̀nà yẹn, torí náà ẹ di ọmọ kékeré yẹn lọ́wọ́ mú ṣinṣin.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ẹ bi màmá bóyá oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ léraléra wà lára èyí tí wọ́n ń lò. Ó wọ́pọ̀ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ má lọ síbi tí ẹ ò ti ní rí ilé ìtọ̀, torí wọn ò ní sọ fún yín, wọ́n kàn máa kọ̀ láti mumi ni, òòyì á sì kọ́ wọn nínú oòrùn. Kí wọ́n má sì torí ìrìn dá oògùn dúró.

Ọ̀nà tí ẹ fi máa mọ̀ bóyá ìrìn náà bá wọn mu: bí wọ́n bá ń rìn tí wọ́n ṣì ń bá yín sọ̀rọ̀ geere, ó dáa. Bí wọ́n bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tí ọ̀rọ̀ ò lè jáde, kí wọ́n rọra. Àyà tó bá ń fún mọ́ra kì í ṣe ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀" o, ilé ìwòsàn tààrà ni.

Àlàbá Oníkámẹ́rà
Ẹ kó wọn lọ sí Lekki Conservation Centre jàre. Pákó ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà lórí àbàtà, ọ̀bọ pọ̀ níbẹ̀, afárá orí igi wọn gùn tó mítà 401.

Ìyá Dàmọ́lá
Lékkì kẹ̀, ẹ̀gbọ́n? Láti Ìbẹ̀rẹ̀kò? Ká tó bọ́ nínú sún kẹẹrẹ Mile 2, ìrìn ti parí lára màmá. Ẹ ṣé o, á dọjọ́ mìíràn.

Ọmọ Ògù
Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé Gberefu dáadáa, torí ilé wa ni. Gbogbo ẹni tó bá lọ ló máa ń sọ pé ọ̀nà yẹn jìn. Kò jìn. Iyanrìn ló ń jẹ èèyàn níyà. Tẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lódìkejì, ọ̀nà náà gba àárín igi àgbọn lọ títí dé etí òkun, iyanrìn rẹ̀ ò sì dì. Ẹ gbé ẹsẹ̀, ó rì. Ẹ fà á yọ, èkejì rì. Ọ̀dọ́ á kàn làágùn ni, ṣùgbọ́n ẹni tí orúnkún ń dùn, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì yẹn ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni kẹ́ ẹ gbà, níbi tí gbòǹgbò koríko ti di ilẹ̀ mú, ẹ fi àárín sílẹ̀. Kánfáàsì ni kẹ́ ẹ wọ̀. Sílípáàsì máa ń dá èèyàn dúró ni, iyanrìn ọ̀sán sì máa ń jó ẹsẹ̀ lásán.

Dàmọ́lá máa gbádùn rẹ̀. Kànga kan wà lójú ọ̀nà, àwọn amọ̀nà máa ń sọ pé omi rẹ̀ ni wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Tẹ́ ẹ bá rìn síwájú, ẹ máa rí òpó gíga méjì tó fara ti ara wọn, òkun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti la ojú yín sílẹ̀. Ọ̀sà wa jẹ́jẹ́ ni, òkun kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìgbì tó fọ́ sétí omi yẹn máa ń fà padà lábẹ́, ó sì ń fa èèyàn lẹ́sẹ̀. Kí ọmọ má wọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ohun kékeré kan tún kù: bí ẹ bá pàdé Sángbétò, eégún àwa Ògù, lọ́nà, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má ya fọ́tò láìbéèrè.

Tíṣà
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè gbọ́ ìtàn ẹrú, àmọ́ ẹ sọ ọ́ fún un nílé kẹ́ ẹ tó lọ, kó má jẹ́ pé ẹnu amọ̀nà ló ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ti ọlọ́dún mẹ́rin, àgbọn ni kẹ́ ẹ rà fún un.

Sísí Ẹléja
Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Èmi ń sọdá omi yẹn nítorí ọjà. Bí òjò bá pọ̀, tí omi odò Yewa bá ya wọ ọ̀sà, ewé kan báyìí tí wọ́n ń pè ní water hyacinth máa ń bo ojú omi lọ bí ilẹ̀, òdòdó rẹ̀ àwọ̀ àlùkò. Ó lẹ́wà lójú àlejò. Lọ́sà wa yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, ní 1984. Tó bá wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á dúró láàárín omi, ọmọ ọkọ̀ á máa fi ọwọ́ já a kúrò, ẹ̀yin á máa wojú ara yín. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iyọ̀ bá wọ omi ló máa ń kú. Nítorí náà, ti Gberefu, ẹ fi dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àmọ́ bí kùrukùru ọyẹ́ bá bo ọ̀sà láàárọ̀, ẹ jẹ́ kó ká kúrò kẹ́ ẹ tó wọkọ̀.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ti àgbà ni ẹ máa bá nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin á yọ̀ bọ́ nínú rẹ̀ ni. Ẹ béèrè ti ọmọdé kẹ́ ẹ tó gbéra. Bí kò bá sí, ẹ yáa padà sílé. Ọlọ́kọ̀ kan ti bú mi rí pé mo ń ṣe ojo, torí mo ní èrò ọkọ̀ òun ti pọ̀ jù. Mo gbà pé ojo ni mí, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Dàmọ́lá
Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Màrínà ni Sátidé yìí, pẹ̀lú màmá àtàwọn ọmọ méjèèjì. Tí màmá bá ti mọ́ra, a máa lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ti Gberefu, èmi àti Dàmọ́lá nìkan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Sísí Ẹléja, eélòó ni wọ́n ń gbà sọdá?

Sísí Ẹléja
Bí owó epo bá ṣe ń yí ni tiwọn náà ń yí, n ò ní dárúkọ iye kan kẹ́ ẹ má baà wá mi rí. Ẹ ná àlọ àti àbọ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀. Ẹ san ìdajì, ẹ di ìdajì tó kù mọ́ ìdí ìró yín, títí wọ́n á fi gbé yín padà dé èbúté Màrínà.