Ògiri yàrá ti bu dúdú ní Glasgow, éjẹ́ǹtì ní ọbẹ̀ tí mò ń sè ló fà á

Akọ̀wé Glasgow (ẹni tó béèrè):

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Fúláàtì oníyàrá kan ni mo gbà, nínú tenement (ilé alájà púpọ̀ tí ìdílé púpọ̀ ń gbé) olókùúta àtijọ́, lókè pátápátá. Kò sí gáàsì níbẹ̀, iná mànàmáná la fi ń ṣe ohun gbogbo: storage heater (hítà tó ń tọ́jú ooru pa mọ́ lóru) kan ní pálọ̀, ọ̀kan ní yàrá, àti táǹkì omi gbígbóná nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Láti oṣù kọkànlá ni igun ògiri tó kọjú síta, lẹ́yìn wọ́dúróòbù, ti ń bu dúdú bíi búrẹ́dì ọjọ́ pípẹ́. Láàárọ̀, omi á máa ṣàn lára gíláàsì fèrèsé. Aṣọ tí mo bá sá sí pálọ̀ ń lo ọjọ́ mẹ́ta kó tó gbẹ, á sì máa rùn. Hítà a máa gbóná janjan ní ìdájí, àmọ́ kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó ti tutù, mo wá ń tan hítà kékeré oní-fáànù. Bíìlì iná oṣù tó kọjá jẹ́ £190, èèyàn kan ṣoṣo sì ni mí.

Éjẹ́ǹtì ní bí mo ṣe ń gbé ilé ló fà á. Ó ní kí n máa ṣí fèrèsé, kí n sì dín oúnjẹ sísè kù. Ṣé òótọ́ ni? Físà iṣẹ́ ni mo fi wà níbí, ẹ̀rù ń bà mí láti bá wọn fa ọ̀rọ̀.

Bíríkìlà Edinburgh:

Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi náà ti ń wá. Ọ̀nà méjì ló wà, àtúnṣe wọn ò sì jọra. Ọ̀kan jẹ́ ìrì: ọ̀rinrin inú ilé ló lọ bá ògiri tútù, ó di omi síbẹ̀. Ìkejì jẹ́ òjò tó ń gba inú òkúta tàbí òrùlé wọlé.

Ògiri tenement kì í ṣe bíi ti ilé tuntun. Òkúta ni látòkèdélẹ̀, ó nípọn tó nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà, kò sí àlàfo kankan láàárín rẹ̀ tí wọ́n lè ki fóòmù sí. Igun ibi tí ògiri ìta méjì ti pàdé ló máa ń tutù jù nínú ilé, ẹ wá gbé wọ́dúróòbù dí i, ooru yàrá ò wá lè dé ibẹ̀ rárá. Ẹ fà á kúrò lára ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 10. Tí ààyè bá wà, ògiri àárín ilé ni kí ẹ gbé e lọ.

Àyẹ̀wò rẹ̀ nìyí. Ẹ gé bébà aláyòò fàdákà tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ, kó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà níhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ nu ògiri gbẹ, ẹ fi téèpù lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 48. Bí omi bá wà níwájú rẹ̀, ìrì inú ilé ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tó kan ògiri lomi wà, omi ń gba inú ògiri jáde.

Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ẹ dúró sí òdìkejì títì kí ẹ wo òkè ilé. Ṣé gọ́tà ń ṣàn kọjá etí? Ṣé koríko ti hù nínú rẹ̀? Ṣé àwọ̀ ewé wà lára òkúta níbi tí páìpù gbà sọ̀ kalẹ̀? Ẹni tó ń gbé òkè pátápátá ni gọ́tà tó dí máa ń kọ́kọ́ bá jà. Ẹ tún wo ojú àjà yàrá, pàápàá lápá igun yẹn. Ìrì máa ń bu dúdú ní tótòtó. Òjò máa ń fi ìlà àwọ̀ tíì sílẹ̀, kíkùn á sì máa bó.

Ìyá Ìbejì Dundee:

Èmi ò bá éjẹ́ǹtì jà lórí fèrèsé o. Ẹ ṣí i láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Bíríkìlà Edinburgh:

Àǹtí, ẹ má bínú, ká má ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí fèrèsé bá ṣí ṣúlẹ̀, ògiri fúnra rẹ̀ á tutù, ìrì á sì pọ̀ sí i nígbà tí ẹ bá padà dáná. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ tó, àmọ́ kí ẹ ṣí iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀ kí atẹ́gùn lè gba inú ilé kọjá.

Àwọn kan á ní ìta Glasgow náà tutù rinrin, kí wá ni àǹfààní? Atẹ́gùn tútù ò lè gbé omi púpọ̀. Atẹ́gùn ìta tó wà ní 5°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 90%, tí ó bá wọlé tó sì móoru dé 18°C, ọ̀rinrin rẹ̀ á já sí nǹkan bí 38% péré. Ó máa ń gbẹ ilé ni.

Ẹ ra hygrometer, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin inú atẹ́gùn, kò ju nǹkan bí £10 lọ. Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé, kí ẹ máa kọ iye tó bá sọ sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje. 40 sí 60% la ń fẹ́. Ní yàrá tó wà ní 18°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 70%, ibikíbi tí ògiri bá ti tutù ju bíi 12°C lọ ni ìrì á ti sẹ̀. Ẹ dín in kù sí 50%, ògiri gbọ́dọ̀ tutù dé bíi 7°C kí ìrì tó lè dé. Ìdí nìyẹn tí ẹni méjì fi lè gbé irú fúláàtì kan náà, kí ti ọ̀kan bu, kí ti èkejì má bu.

Ìyá Ìbejì Dundee:

Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n aṣọ sísá yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, ó ju ọbẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ aṣọ kan tó kún lè tú omi tó lítà méjì sínú ilé kó tó gbẹ. Ẹ fi spin (yíyí tó ń fún omi kúrò lára aṣọ) sí 1400, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, owó iná rẹ̀ kéré. Balùwẹ̀ ni kí ẹ sá a sí: kí fáànù máa ṣiṣẹ́, kí ilẹ̀kùn wà ní títì, kí àlàfo tó fífẹ̀ ọwọ́ wà láàárín aṣọ kan sí èkejì. Ẹ ya ewé kan lára tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ gbé e sẹ́nu fáànù. Tí fáànù ò bá lè fà á mọ́ra, kò ṣiṣẹ́, iṣẹ́ onílé sì ni àtúnṣe rẹ̀.

Tí agbára bá gbé e, ẹ ra dehumidifier, ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú atẹ́gùn. Èyí tó ń jẹ 200 watt, tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà, ń lo yúnìtì 1.2 péré. Tí yàrá bá máa ń tutù ju 15°C lọ, irú tí wọ́n ń pè ní desiccant ló yẹ ẹ́. Ó ń jẹ iná ju irú tó wọ́pọ̀ lọ, àmọ́ òtútù kì í dá a dúró.

Ti ìdáná: ẹ máa dé ìkòkò. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú kó má baà hó fún wákàtí méjì. Ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná tí ẹ bá ń ro àmàlà, kí fáànù sì máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn tí ẹ bá parí. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má jẹun nínú ilé tí ẹ ń sanwó rẹ̀.

Tí aṣọ òkè tàbí gèlè bá wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ yáa gbé e kúrò nítòsí ògiri yẹn lónìí. Òwú tó bá ti bu kì í dùn ún wò mọ́.

Nọ́ọ̀sì Aberdeen:

Nípa nínu rẹ̀: ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbo ó, eruku rẹ̀ á fò sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ lo ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá. Oògùn mould (ohun dúdú tó bu sára ògiri yẹn) tí wọ́n ń tà nílé ìtajà ni kí ẹ fọ́n sí i, ẹ tẹ̀lé iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ tútù nù ún, kí ẹ sọ aṣọ náà nù. Ẹ má po bleach pọ̀ mọ́ vinegar láé, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ léwu. Ẹ má sì kun ọ̀dà lé e lórí kó tó gbẹ. Ẹni tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró bíi asthma kọ́ ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ yìí.

Mo rí i pé òkùnkùn lẹ fi ń jáde, òkùnkùn náà lẹ fi ń wọlé. Ní ìparí oṣù kejìlá, oòrùn Glasgow ń yọ ní nǹkan bí aago 8:45, ó ń wọ̀ ní bíi 3:45. Vitamin D microgram 10 lójúmọ́ ni wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn máa lò nígbà òtútù, àwa aláwọ̀ dúdú sì lè máa lò ó yíká ọdún.

Oníná Paisley:

Ẹ jẹ́ ká yanjú hítà, ibẹ̀ ni owó yín ń gbà lọ. Storage heater ní bíríkì nínú. Iná alẹ́ tó dínwó ló ń gbóná sínú wọn, wọ́n á sì máa tú u sílẹ̀ lọ́sàn-án. Bọ́tìnì yíyí méjì ló wà lórí rẹ̀. *Input* ń sọ iye ooru tí yóò tọ́jú pa mọ́ lóru. *Output*, tí àwọn kan ń kọ *boost* sí, ń ṣí ihò tí ooru ń gbà jáde. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí output máa wà ní ṣíṣí gbagada nígbà gbogbo. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ooru ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà nù sínú ilé tí kò séèyàn.

Ẹ ṣe é báyìí: output sí 1 kí ẹ tó sùn, kó wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi ti ibi iṣẹ́ dé, kí ẹ wá ṣí i. Input sí 5 tàbí 6 nígbà òtútù gan-an, 2 tàbí 3 nígbà tí ojú ọjọ́ bá rọ̀. Àyípadà tí ẹ bá ṣe sí input lónìí, ọ̀la ni ẹ ó tó rí i. Tí input bá wà lókè pátápátá tí ara hítà ò sì gbóná dáadáa ní aago méje àárọ̀, ó ṣeé ṣe kí wáyà agbóná kan ti jó nínú rẹ̀. Ẹ má tú u fúnra yín. Ẹ má sì sá aṣọ lé e lórí, ó lè gbiná.

Ẹ yẹ mítà wò. Iye méjì ló yẹ kó máa fi hàn, ti ọ̀sán àti ti òru. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló wà, tàbí tí ti òru kì í kúrò lójú kan, ẹ ń san owó ọ̀sán lórí ooru òru. Ilé iṣẹ́ iná ni kí ẹ bá sọ ọ́. Bákan náà, tí mítà náà bá jẹ́ ti àtijọ́ tó ń gba àṣẹ nípasẹ̀ ìgbì rédíò, láti ìparí oṣù kẹfà 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ètò yẹn. Ẹ ní kí wọ́n wá pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Hítà oní-fáànù tó ń jẹ 2 kilowatt, wákàtí márùn-ún lójúmọ́, jẹ́ yúnìtì 300 lóṣù. Tí yúnìtì bá jẹ́ pẹ́ńsì 30, £90 ti lọ nìyẹn nínú £190 yín. Táǹkì omi náà: bọ́tìnì *boost* rẹ̀ ń jẹ 3 kilowatt, ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin ti lo yúnìtì 12.

Ọmọ Leith:

Ẹ má sanwó ilé mọ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ohun tí wọ́n máa ń gbọ́ nìyẹn.

Amòfin Stirling:

Ẹ má dán ìyẹn wò. Gbèsè owó ilé wà lára ohun tí wọ́n fi lè lé èèyàn jáde, ẹ ó sì ti fi ọwọ́ ara yín fún wọn ní ìdí.

Òfin Housing (Scotland) Act 2006 ní ohun tí wọ́n ń pè ní Repairing Standard: ilé gbọ́dọ̀ gbẹ kí òjò má wọ̀ ọ́, kí hítà àti ẹ̀rọ omi gbígbóná sì máa ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ kọ ímeèlì, ẹ má fi fóònù ṣe é. Ẹ so fọ́tò tó ní déètì, ìwé hygrometer ọjọ́ méje, àti àbájáde bébà fàdákà mọ́ ọn. Ẹ dárúkọ Repairing Standard, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa wá yẹ̀ ẹ́ wò. Tí wọn ò bá ṣe é láàárín àkókò tó mọ́gbọ́n dání, ẹ lè gbé e lọ sí First-tier Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́, ní ẹ̀ka ilé tí wọ́n ń pè ní Housing and Property Chamber. Ayálégbé kì í san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Tribunal lè pàṣẹ àtúnṣe, tí onílé bá sì kọ̀, ó lè dín owó ilé kù dé 90%. Shelter Scotland àti Citizens Advice, àwọn àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn, á bá yín wo lẹ́tà lọ́fẹ̀ẹ́.

Nípa físà: ẹjọ́ ilé ò kan físà rárá. Kódà, yíyẹ físà wò kí wọ́n tó fún èèyàn nílé jẹ́ òfin England, kò dé Scotland. Àdéhùn ilé tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá 2017 kì í sábà ní ọjọ́ ìparí. Ìdí 18 ló wà tí onílé lè fi gba ilé padà, ẹjọ́ tí ayálégbé bá fi sùn kò sí níbẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n fi deposit yín (owó ìdúró tí ẹ san kí ẹ tó wọlé) sí ọ̀kan nínú àjọ mẹ́ta tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 30. Tí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìtanràn rẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́ta deposit náà.

Ẹyọ kan sí i: ẹ ń dá gbé. Ṣé ẹ ti gba ẹ̀dínwó 25% lórí council tax, owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà? Kò sí lára public funds (owó ìrànwọ́ ìjọba) tí físà kà léèwọ̀. Council tax reduction, ìyẹn ìdínkù fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré, ló wà níbẹ̀, ẹ má ṣi fọ́ọ̀mù mú.

Akọ̀wé Glasgow:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Àbájáde ọ̀sẹ̀ kan rèé: 76% láàárọ̀, 71% lálẹ́. Output wà ní 6 látọjọ́ yìí. Omi wà níwájú bébà, ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ. Ṣùgbọ́n mo gbé ojú sókè, ìlà àwọ̀ tíì kan wà lójú àjà, ó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ. Èwo ni kí n fi ránṣẹ́ sí éjẹ́ǹtì?

Bíríkìlà Edinburgh:

Méjèèjì, ṣùgbọ́n ti àjà ni kó ṣáájú. Kò sí ọbẹ̀ tó ń ya irú ìlà bẹ́ẹ̀ sójú àjà. Gọ́tà tàbí síléètì òrùlé ni, ẹ sì béèrè bóyá insulation (ohun tí kì í jẹ́ kí ooru sá jáde) wà lókè àjà náà. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí etí rẹ̀ ká, ẹ kọ déètì sí i, ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò. Tí òjò bá tún rọ̀ tó sì kọjá ìlà pẹ́ńsùlù, ẹ ya òmíràn, kí ẹ fi méjèèjì sínú ímeèlì kan náà.