Fèrè ìkìlọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ ojú omi wa kò dún mọ́: ṣé diode ló bàjẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà rewáyà. Abẹ́òkúta ni mo wà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ní ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì lórí Odò Ògùn.

Tẹ́lẹ̀, tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, gílóòbù pupa ti ọ́ìlì á tàn, fèrè á sì máa ké títí ẹ́ńjìnnì á fi gbéra. Ó di ọjọ́ mẹ́ta báyìí tí gílóòbù ń tàn ṣùgbọ́n tí fèrè dákẹ́.

Mo yọ wáyà súwíìsì ọ́ìlì (èyí tó ń tan gílóòbù bí agbára ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀), mo fi kan ara ẹ́ńjìnnì: gílóòbù tàn, fèrè kò dún. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí wáyà súwíìsì ti ooru ẹ́ńjìnnì, tó ń lo fèrè kan náà, fèrè ké débi pé ó fẹ́ẹ̀ dí mi létí. Mítà ka 12.4 vọ́ọ̀tì níbi fèrè. Fèrè kọ́ nìyẹn, bátìrì kọ́.

Nígbà tí mo tú ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì, mo rí diode dúdú méjì (ẹ̀yà kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo). Ẹsẹ̀ èyí tó jẹ́ ti ọ́ìlì ti dípẹtà, ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé bò ó. Ṣé ó ti já nínú ni? Ṣé mo lè fi diode 1N4007 rọ́pò rẹ̀, kí ilà funfun ara rẹ̀ kọjú sí súwíìsì?

Rewáyà kan ládùúgbò ní kí n so wáyà tààrà dípò rẹ̀. Ọkàn mi kò gbà á, torí bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, gílóòbù ọ́ìlì náà á tàn, a ò sì ní mọ èyí tó ń ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ní òun ò ní wọ odò láìgbọ́ fèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.