Èsì: "Agbaninímọ̀ràn-abárakú": ta ló ń bá ara ta kú?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Àwọn kan fẹ́ túmọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn tó ń bá ọ̀mùtí àti àwọn tó ń lo oògùn olóró jókòó sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi bọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n ní ká fún àwọn ní orúkọ tí wọn yóò máa pe òṣìṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìbàdàn wá fi "agbaninímọ̀ràn-abárakú" ránṣẹ́, àwọn mélòó kan sì ti ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò pa. Mo kà á, mo tún un kà, inú bí mi.

Ẹ jẹ́ ká tú u. Bá, ara, kú. Ta ló ń bá ara kú níbẹ̀? Àṣà ni, àìsàn ni, igbó ni, ògógóró ni. Ohun tó bá ti wọ èèyàn lára tí kò ní kúrò títí ilẹ̀ á fi mu onítọ̀hún, òun là ń pè ní bárakú. Èèyàn kọ́ ló ń ṣe "bá" yẹn, nǹkan náà ni. Ẹ wá lọ fi "a-" síwájú rẹ̀, "a-" tó wà nínú apẹja, tó wà nínú akéwì, tó wà nínú apànìyàn. Bó bá jẹ́ "a-" yẹn ni, abárakú ò lè jẹ́ ọmọkùnrin tó jókòó sórí àga tó ń làágùn. Ohun tó mu ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ti sọ òṣìṣẹ́ ẹlẹ́ni di ẹni tó ń gba ìgò ọtí nímọ̀ràn: "Ìgò, jọ̀ọ́, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ti mọ̀ pé ẹnì kan á bi àwọn, wọ́n ti dáhùn sílẹ̀: wọ́n ní àìsàn bárakú la ṣáà ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, dókítà ń tọ́jú wọn, kò sì sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà pa. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wọn ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù, nítorí àwọn oníṣègùn pàápàá gbà pé oògùn olóró lè kúrò lára èèyàn fún ọdún díẹ̀ kó tún padà yọjú. Àmọ́ ẹ wo ibi tí bárakú máa ń jókòó sí. Ẹ̀yìn "àìsàn" ni. Ta lẹ gbọ́ rí tó pe ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga ní "abárakú"? Àìsàn la so ó mọ́, a ò so ó mọ́ ọlọ́jọ́ orí.

Ó tún kù. Ìwádìí ọdún 2018 tí àjọ ìṣirò Nàìjíríà àti UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, jọ ṣe sọ pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 14.3, láti ẹni ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Nínú 5 wọn, ẹnì kan ló ti di àìsàn sí lára. Àwọn 4 yòókù ńkọ́? Wọ́n á wá bá òṣìṣẹ́ yìí náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé wọ́n ló wúlò fún jù. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà gan-an, nígbà tí wọ́n tún ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn mọ̀ ṣe ní 2013, pín àìsàn tí oògùn olóró ń fà yìí sí fẹ́ẹ́rẹ́, sí ìwọ̀nba, sí líle. Kí ẹ̀gbọ́n jọ̀ọ́ fi bárakú tó jẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ hàn mí.

Ó ku "gbaninímọ̀ràn", èyí tó dùn mí jù.

N kò ní oyè gírámà. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí ni pé kí wọ́n panu mọ́. Ta ni kò tíì gba ọmọ tó ń fa kólòràdó nímọ̀ràn? Ìyá rẹ̀ ti gbà á nímọ̀ràn. Wòlíì ti gbà á. Àfáà ti gbà á. Ọlọ́pàá ti fi kóńdó gbà á. Bí ìmọ̀ràn bá ń wò ó sàn ni, kò ní dé ọ̀dọ̀ wa.

Láti 1983 tí William Miller ará Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ́ wọn yìí ("motivational interviewing" lòyìnbó ń pè é), tí òun àti Stephen Rollnick sì jọ mú un gbòòrò, ohun tí wọ́n ń wí ò yí padà: ẹni tó ń ṣiyèméjì, bí o bá ń tì í, á máa tì ọ́ padà ni. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni kí ìdí tó fi fẹ́ jáwọ́ ti jáde. Ọmọ kan á jókòó, á ní, "Mo lè fi í sílẹ̀ ìgbàkígbà tó bá wù mí." Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ á ní irọ́ ni. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ á ní, "Agbára ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ, kò kàn tíì wù ẹ́ ni." Á wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló ṣòroó kọ́ jù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò lè fara dà á, wọ́n á ti ki "ṣùgbọ́n" bọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ní sùúrù, ọmọ náà á wolẹ̀, á ní, "Kò kúkú jẹ́ pé kò wù mí. Ó wù mí lọ́jọ́ tí ọmọ mi sá fún mi." Ibẹ̀ niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé ìmọ̀ràn ò sí ńbẹ̀ rárá o. Wọ́n á kọ́kọ́ tọrọ àyè ni: "Ṣé kí n sọ ohun tá a mọ̀ nípa tramadol fún ẹ?" Bó bá kọ̀, ó kọ̀ nìyẹn. Ìmọ̀ràn tí wọn ò sì gbọ́dọ̀ gbé dání wà. Ẹni tó ti ń mu ọtí láti àárọ̀ dé alẹ́ fún ọdún gbọọrọ, tí o bá gbà á nímọ̀ràn pé kó já a lónìí láìsí dókítà nítòsí, gìrì lè gbé e, ó sì lè ti ibẹ̀ kú. Kí òṣìṣẹ́ mọ ibi tí agbára òun mọ, kó sì fà á lé oníṣègùn lọ́wọ́, ara ẹ̀kọ́ ni.

Ẹnì kan kọ̀wé lánàá pé iṣẹ́ òyìnbó ni, ká jẹ́ kó máa jẹ́ orúkọ òyìnbó. Ṣé Àró ti kúrò l'Ábẹ́òkúta ni? Ní 1954, Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ, ń fi àwọn aláìsàn sí abúlé tó yí Àró ká, pẹ̀lú ẹbí wọn, àwọn adáhunṣe sì ń bá a ṣiṣẹ́. Ìyá mi àgbà ò mọ Miller, àmọ́ bí tọkọtaya bá gbéjà wọn wá, "Hẹ̀n-ẹ́n. O wá ń sọ pé…" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì tún ọ̀rọ̀ onítọ̀hún sọ fún un, wọ́ọ́rọ́wọ́, títí ojú á fi ti òun náà. "O wá ń sọ pé" yẹn ni wọ́n ń sanwó kọ́ báyìí.

Orúkọ tí mo mú wá ni alábàárò. Ẹ kò ní láti ṣẹ̀dá rẹ̀, ó ti wà lẹ́nu wa. "Bá" kan náà ni, àmọ́ èyí tó ń bá ni rò ni, kì í ṣe èyí tó ń bá ara kú.

Àǹtí wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti ta kò mí kí n tó sọ ọ́ tán. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ ni alábàárò, ẹni tí èèyàn lè yá lówó, bẹ́ẹ̀ ohun tí ìwé náà kọ̀ gan-an nìyẹn: òṣìṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ yá a lówó, kò gbọ́dọ̀ bá a ṣòwò, kò gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ńkọ́? "Rò" wà níbẹ̀, owó ló ń gbà, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá ní rò ti ibẹ̀ kì í ṣe rò ti ibí, kó mú ẹ̀rí wá, kó má fi ẹnu lásán jà. Àwọn tó sì rọ̀ mọ́ "olùdámọ̀ràn" torí Àìsáyà 9:6, orúkọ Olúwa nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ìyanu kọ́ là ń wá lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́.

Nǹkan díẹ̀ ló kù. Ẹni tó túmọ̀ orí kẹrin ìwé náà pe pé kí òṣìṣẹ́ má sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ síta ní "bíbo àṣírí". Ọlọ́run ló ń boni láṣìírí. Ohun tí òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n pa á mọ́. Bí ìyá bá gbé kúlà oúnjẹ wá, tó rọra ń béèrè ohun tọ́mọ òun sọ, ìdáhùn ni, "Ẹ jẹ́ ká bi í bóyá ó fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀." Ibi tí àṣírí pin sí, bíi kó ní òun fẹ́ para òun tàbí kó pa ẹlòmíì, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń là á yé e. Ta ló ń là á yé ẹni tó ń bo àṣírí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń kọ "ìlòkulò òógùn", ta ló ń ṣi òógùn ojú ẹ̀ lò? Oògùn ni. Mo ti wí i títí ó ti sú mi.

Ọ̀rọ̀ "o" àti "ẹ" ni kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yìí ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Tí wọ́n bá bi baálé ilé ẹni ọgọ́ta ọdún pé "ìgò mélòó lo ń mu lóòjọ́", á dìde kúrò ńbẹ̀ ni. Ọmọ ogún ọdún tí wọ́n bá sì ń pè ní "ẹ" á rò pé wọ́n ń fòun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kí wọ́n tẹ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní oríṣi méjì. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń bi ẹ̀gbọ́n, wọn ò dá mi lóhùn, abárakú ni wọ́n ń lé kiri.