Bí ẹni tó dá ọ lóró lójú ogun bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́: ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ nínú ilé yín

Ọmọ Láfíàjí: Bàbá mi àgbà jagun ní Bọ́mà pẹ̀lú ẹ̀ka ogun 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Títí tí wọ́n fi papò dà, wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni dúńbú adìyẹ tí okùn ṣì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú àgbàlá wa. Ìyá mi ní láti kọ́kọ́ tú u, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ìyẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí bàbá tó padà jókòó. Ìgbà kan péré ni wọ́n sọ ìdí rẹ̀. Àwọn àti ẹgbẹ́ wọn mú ọmọ ogun Jàpáànì kan tó fara gbọgbẹ́, tí wọ́n gbà pé ó wà lára àwọn tó dá ọ̀rẹ́ wọn lóró títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Wọ́n dè é mọ́ igi. Ilẹ̀ kò mọ́ bá a. Ǹjẹ́ wọ́n jẹ̀bi?

Ìyá Ìbejì Mushin: Wọn kò jẹ̀bi rárá.

Akọ̀wé Yaba: Ẹ má bínú, mo ń ṣiyèméjì díẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Jàpáànì kì í sábà jọ̀wọ́ ara wọn, ọ̀pọ̀ wọn ló yan ikú ju kí wọ́n di òǹdè lọ. Báwo ni bàbá ṣe mọ̀ pé ẹni náà gan-an ni?

Ọmọ Láfíàjí: Aago ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀, sà.

Akọ̀wé Yaba: Aago lè ti ọwọ́ ẹni mẹ́ta kọjá kó tó dé ọwọ́ tirẹ̀.

Ìyá Ìbejì Mushin: Lọ́jọ́ tí wọ́n bá já fóònù gbà lọ́wọ́ yín ní Òjúẹlẹ́gba, ẹ ó kọ́kọ́ bi olè bóyá ẹlòmíràn ló tà á fún un.

Àdìsá Òyìngbò: Wọ́n mú bàbá mi nínú ogun abẹ́lé, ní 1968. Olùṣọ́ kan wà tó máa ń bu omi wá, tí yóò dúró títí òǹdè yóò fi na ọwọ́, tí yóò wá dà á sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun, ọkùnrin yìí wọ mọ́lúè tí bàbá mi wọ̀ láti Òyìngbò, ó jókòó tì wọ́n, kò dá wọn mọ̀. Bàbá mi ní àwọn ti ń ro ibi tí àwọn yóò ti fún un lọ́rùn. Kí wọ́n tó dé Ìkẹjà, oorun gbé e lọ, orí rẹ̀ sì tẹ̀ sí èjìká bàbá mi. Wọn kò tì í kúrò. Wọ́n ní àwọn kò dárí jì í o, ó kàn rẹ àwọn náà ni.

Ìyá Ìbejì Mushin: Èmi ìbá tì í.

Aya Ọmọ Ṣọ́ọ̀ṣì: Ìhà kejì ogun yẹn ni bàbá ọkọ mi wà, wọ́n sì nà án ní àgọ́ tiwa. Gowon kéde pé kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò lè gbàgbé.

Akọ̀wé Yaba: Ẹ jẹ́ kí n padà sórí aago yẹn. Àdéhùn Geneva ti 1929 ti ka gbígbẹ̀san lára ẹlẹ́wọ̀n ogun léèwọ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1945, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọ Dachau, àgọ́ tí ìjọba Hitler ti ń fìyà jẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní Jámánì, wọ́n bá ọkọ̀ ojú irin tó kún fún òkú, inú bí wọn, wọ́n sì yìnbọn pa àwọn ọmọ ogun SS kan (ẹgbẹ́ ológun Hitler tó ń ṣọ́ àgọ́ náà) tó ti jọ̀wọ́ ara wọn. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Èmi kò bá wọn wí fún ìbínú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun SS kan wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì pẹ́ dé.

Àdìsá Òyìngbò: Ṣé kí ẹni tó rí òkú wọ̀nyẹn kọ́kọ́ máa béèrè ọjọ́ tí kálukú dé?

Akọ̀wé Yaba: Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti jọ̀wọ́ ìbọn rẹ̀, kí ni ẹ tún ń lé?

Ọmọ Láfíàjí: Mo bi ìyá mi lálẹ́ àná. Wọ́n ní bàbá kọ́ ló pa á. Bàbá ló so okùn náà.

Ìyá Ìbejì Mushin: Aago yẹn ńkọ́, ta ló mú un?