Fíìmù ẹlẹ́rù: bí a ṣe ń ṣe é ní Ifẹ̀ àti Iléṣà

Ẹ̀gbọ́n kan àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì ló ń sọ̀rọ̀; ẹ̀gbọ́n ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tú àṣírí pé eré lásán ni. Ẹ yé lo epo pupa: á pọ́n bí ọsàn lójú kámẹ́rà, á sì léfòó lórí omi. Tòmátò agolo ki jù, kì í ṣàn. Ẹ se ife ṣúgà méjì nínú ife omi kan títí á fi yòrò, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá ro àwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sí i, bíi ṣíbí tíì méjì. Tí ẹ bá fi mọ bẹ́ẹ̀, bíi zobo ló máa rí. Ìyẹ̀fun kòkó ṣíbí tíì kan ló máa mú un dúdú bí ẹ̀jẹ̀ tó ti ń gbẹ, kòkó ò sì wọ́n wa lágbègbè yìí. Ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná díẹ̀ pò ó kó má baà ṣù. Ṣúgà ń pe èèrà, torí náà àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa lò ó ni kí ẹ sè é. Nínú fíìmù Psycho, ní 1960, omi ṣokoléètì ni wọ́n lò, nítorí dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń bani lẹ́rù ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Lóru ìgbà òjò ní Ifẹ̀, ìrẹ̀ àti ọ̀pọ̀lọ́ kì í sinmi. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ ìran náà bí ẹní. Bí nǹkan bá ti fẹ́ ṣẹlẹ̀, ẹ gé e pátápátá fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ẹni tó ń wò ó lè má mọ ohun tó yí padà, ṣùgbọ́n ara á fu ú. Ìgbà náà ni kí ilẹ̀kùn gbá. Ẹ má ṣe é ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú fíìmù kan. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, etí á ti máa dúró dè é. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, kí wáyà rẹ̀ tó ọgbọ̀n mítà, torí bí ariwo rẹ̀ bá wọnú ohùn, kò ní ṣeé yọ láìba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìbòjú. Kó má rẹ́rìn-ín, kó má sunkún. Ní 1978, ìbòjú Captain Kirk, ọ̀gá ọkọ̀ inú Star Trek, olówó pọ́ọ́kú ni àwọn tó ṣe fíìmù Halloween rà, wọ́n kùn ún ní funfun, ojú náà ò sọ nǹkan kan mọ́. Ẹ wo ìbòjú bàbà Ọbalùfọ̀n, ọba Ifẹ̀ ayé àtijọ́: ó dákẹ́, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lábẹ́ ẹyinjú tí ẹni tó gbé e wọ̀ lè fi ríran. Ọgbọ́n ihò yẹn ni kí ẹ mú o, ẹ má fi ojú Ọbalùfọ̀n fúnra rẹ̀ ṣe iwin. Bí a ò bá mọ ibi tí ẹni tó wọ ìbòjú ń wò, ọkàn wa ò ní balẹ̀.

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀yin àbúrò. Ti òkú tó padà wá ló kù. Àtíkè lójú, òwú nímú, aṣọ funfun: a ti mọ̀ wọ́n tán. Àkúdàáyà ló yẹ ká máa ṣe. Ó kú sí Ifẹ̀, wọ́n sin ín, ó sì ń ta aṣọ lọ́jà Àtàkúmọ̀sà ní Iléṣà, níbi tí kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ sí Ifẹ̀. Ó níyàwó, ó ń jẹun, ó ń san owó ilé. Ẹ fi ìsìnkú rẹ̀ hàn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, kí a rí àpá kan lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, Iléṣà: ọwọ́ náà ń wọn àǹkárá. Ìyàwó ò mọ̀, àwa mọ̀. Ohun tó ń ba irú ìtàn yìí jẹ́ ni ìkánjú. Kí ará Ifẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá láìrí i. Kí ẹnì kejì rí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan. Ẹ̀kẹta ni kí ojú wọn ṣe mẹ́rin. Bó bá sì dàwátì, ẹ má fi bó ṣe pòórá hàn wá. Ìsọ̀ nìkan ni kí ẹ fi hàn: àǹkárá tó wọ̀n dé ìdajì, àti oníbàárà tó ń ka owó lọ́wọ́, tí kò tíì gbójú sókè.